Èdè Wo Ni Wọ́n Fi Ń Kìlọ̀ Fún Ẹni Tó Ń Gbé Lórí Ọ̀pá Epo?

Ohun tí mo gbé wá lónìí yàtọ̀ díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ òwe, oríkì àti gírámà tí a máa ń jíròrò lé lórí. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá epo àti ọ̀pá gáàsì ni, àwọn páìpù irin gbọọrọ tí wọ́n rì mọ́ inú ilẹ̀ láti gbé epo bẹntiróò àti gáàsì láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹlòmíràn lè bi mí pé, "Olùkọ́, kí ni ti onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ páìpù?" Ìdáhùn mi kò gùn. Ìjọba ní òfin lórí ààbò àwọn ọ̀pá wọ̀nyí, òfin náà sì fún ará ìlú láyè láti gbọ́ àti láti sọ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi ń kéde òfin náà, tí wọ́n fi ń kọ àkọlé ìkìlọ̀, tí wọ́n sì fi ń ṣe ìpàdé, kì í ṣe èdè tí àwọn tí ọ̀pá gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá fi ń gbé ilé ayé wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀ràn bá rí báyìí, èrò tèmi ni pé ohun tí ìjọba ń pè ní ìkópa ará ìlú kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa ní ààlè. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé igi ọsàn òun kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, yóò so ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa tàbí ìgbálẹ̀ tó ti gbó mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó dàgbà ní abúlé tí yóò rí i tí yóò ní òun kò mọ ohun tó ń wí. David Doris, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé lé ààlè lórí, ó sì jáde ní 2011. Àwa tí a ni nǹkan, a ti ń fojú àlòkù wò ó. Ààlè ń sọ pé nǹkan yìí ní olúwa. Ó ń sọ pé ewu ń bẹ fún ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ó tún ń sọ ohun kẹta tí a kì í sábà kíyè sí: pé ẹni tó so ó mọ irú ẹni tí yóò kọjá níbẹ̀, ó sì ti ro bí ìkìlọ̀ náà yóò ṣe yé onítọ̀hún. Ẹni tó ń so ààlè kì í so ohun tí aládùúgbò rẹ̀ kò lè kà.

Ẹ wá wo òpó ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń rì sórí ilẹ̀ tí ọ̀pá epo gbà kọjá. Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Ìyá tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i lóòótọ́. Ó lè sá aṣọ lé e lórí pàápàá. Ó mọ̀ pé ti ìjọba ni. Ohun tó wà nísàlẹ̀, bí ó ti jìn tó, ohun tó yẹ kí òun ṣe bí ilẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ẹni tó yẹ kí òun ké sí, òpó yẹn kò sọ ọ́ fún un.

Ohun kan wà nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 tí ó máa ń yà mí lẹ́nu nígbàkigbà tí mo bá kà á. Abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gba àlàyé lákọsílẹ̀ láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó yé e, nípa ìdí tí wọ́n fi mú un. Abala 36 ṣe irú ìlérí kan náà fún ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ọwọ́ bá tẹ ọmọkùnrin kan pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì nídìí ọ̀pá epo, dandan ni kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni ó gbọ́. Ìyá àgbà tí ògiri ilé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pá kan náà kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Olè ní ògbufọ̀. Onílé kò ní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àròsọ ni mò ń sọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, iná sọ lára ọ̀pá epo tí wọ́n ti lu ní Abúlé Ẹ̀gbá ní Èkó, nígbà tí èrò ń bu epo lọ́wọ́. Ẹni tó kú lé ní 200. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù kan létí òkun Èkó, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 100. Ṣáájú àwọn wọ̀nyí ni ti Jesse ní ìpínlẹ̀ Delta, ní oṣù Kẹwàá 1998, níbi tí ẹni tó kú ti ju 1,000 lọ. Ohun tí àwọn aláṣẹ máa ń sọ lẹ́yìn irú rẹ̀ kò yí padà: olè ló fà á. Èmi kò gbè sẹ́yìn olè o. Ẹni tó bá lu ọ̀pá epo ń fi ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ta tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín ẹni kan tó lu ọ̀pá àti igba ènìyàn tó jóná, ẹ̀kọ́ kan wà tí kò dé etí àwọn igba náà: pé èéfín bẹntiróò máa ń rá kiri lórí ilẹ̀, iná sì lè ràn án láti ọ̀nà jíjìn kí ó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń bù ú.

Ti Ìjẹ́gun kò tilẹ̀ ní olè nínú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2008, katakata tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà ló gbá ọ̀pá epo. Ilé-ìwé wà nítòsí. Àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí ọ̀ràn náà bá. Ẹ ronú sí i. Ọ̀pá epo wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ ọ̀nà wà lókè, àwùjọ ènìyàn wà láàárín, ìmọ̀ ibi tí ọ̀pá gbà kò sì dá irin katakata náà dúró. Bí àwòrán ilẹ̀ náà bá wà lára ògiri gbọ̀ngàn àdúgbò, tí gbogbo bàbá ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àti ìyá ọlọ́jà sì mọ ibi tí ọ̀pá gbà bí wọ́n ṣe mọ ojú ọ̀nà ọjà, mo gbà pé ẹnìkan ì bá ti ké mọ́ awakọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni Abúlé Àdó. Ọjọ́ Àìkú ni, 15 oṣù Kẹta 2020. Ó kéré tán ogún ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ ilé wó, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin Bethlehem sì dahoro. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Sister Henrietta Alokha, kú síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde. Àlàyé tí NNPC ṣe ni pé ọkọ̀ ńlá kan ló kọlu àgbá gáàsì tí wọ́n tò jọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ọ̀pá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn oníròyìn BBC Africa Eye kó fídíò àti àwòrán jọ, wọ́n sì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀pá ló ti kọ́kọ́ bẹ́ nísàlẹ̀ ọ̀nà eléèpẹ̀ tí ọkọ̀ tó kó ẹrù wúwo ń gbà, epo sì ti ń tú jáde kí iná tó sọ. NNPC kò gba èyí wọlé. Èmi kì í ṣe ẹnjinníà, n kò sì ní dá ẹjọ́ náà. Ohun tó dùn mí ni pé àlàyé tó ta ko ti ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀pá wá láti ọ̀dọ̀ oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń fi fídíò tí ará àdúgbò yà ṣe ìwádìí. Àwọn ará àdúgbò ló ní ẹ̀rí. Wọn kò ní ibi tí wọn yóò gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú iṣẹ́ mi wo ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín. Nínú ìròyìn Yorùbá, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé "ọ̀pá epo bẹ́." Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, *bẹ́*, lè dá dúró láìní àbọ̀. Nínú gbólóhùn yẹn, ọ̀pá ni olùwà, kò sì sí ẹni tó ṣe é. Àfi bí ẹni pé ọ̀pá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó sì pinnu láti bẹ́. Bí a bá wá fẹ́ ní oníṣẹ́ ibi, a ó ní "wọ́n bẹ́ ọ̀pá epo," tàbí "wọ́n fọ́ ọ." Ta ni *wọ́n*? Ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ láti gbà ròyìn jàǹbá yìí: yálà kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀, tàbí ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ́ ẹni tí a kò dárúkọ, tí kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́. Gbólóhùn kẹta, "wọn kò tún ọ̀pá ṣe títí ó fi bẹ́," kò ṣòro láti sọ ní Yorùbá. Ohun tó ṣòro ni kí a rí ìwé àyẹ̀wò ọ̀pá tí yóò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà sọ ọ́.

Kì í kúkú ṣe pé òfin kò sí. Òfin Ọ̀pá Epo tí wọ́n ṣe ní 1956, kí a tó gba òmìnira, sọ pé kí wọ́n kéde kí wọ́n tó fúnni ní ìwé àṣẹ láti gbé ọ̀pá gba ilẹ̀ oníkálukú, àti pé ẹni tí ọ̀ràn náà bá lè pa lára láǹfààní láti tako ó, "lẹ́nu tàbí nínú ìwé." Mo fẹ́ kí ẹ dúró síbi "lẹ́nu" yẹn. Àwọn amúnisìn pàápàá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kò mọ̀wé, wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu tó láti fi dá iṣẹ́ dúró kí a gbọ́ tẹnu onílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 65, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Òfin Ilé-iṣẹ́ Epo Rọ̀bì, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí PIA, ní oṣù Kẹjọ 2021. Òfin yìí dá NMDPRA sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn ọ̀pá epo àti gáàsì, abala 216 rẹ̀ sì pàṣẹ pé kí àwọn olùṣàbójútó fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kí wọ́n tó parí ìlànà tuntun kankan. Àwọn wo ni ọ̀rọ̀ kàn? Bí a bá wo irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, Abuja ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn ilé-iṣẹ́ epo àti agbẹjọ́rò wọn ni wọ́n sì máa ń kún inú rẹ̀.

Abala 257 òfin yìí kan náà wá sọ ohun tó yẹ kí ó jí wa lójú oorun. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ba ohun èlò epo jẹ́ ní àwùjọ tó gba ilé-iṣẹ́ epo lálejò, owó tí wọn yóò fi tún un ṣe yóò jáde láti inú owó ìdàgbàsókè tó tọ́ sí àwùjọ náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, wọ́n ti sọ àwọn ará abúlé di ọlọ́dẹ tí kò gba owó oṣù, wọ́n sì lè gé owó wọn bí olè bá wọlé. Ọlọ́dẹ wo ni a kì í fi ilé tó ń ṣọ́ hàn?

Mo mọ̀ pé Òfin Òmìnira Ìròyìn wà láti oṣù Karùn-ún 2011, èyí tó ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba dáhùn ìbéèrè láàárín ọjọ́ méje. Ohun rere ni. Òfin náà kò fi dandan lé e kí ìdáhùn náà wà ní èdè tí ẹni tó béèrè gbọ́.

Àwọn ará wa kan ti gbìyànjú, ìtàn wọn sì yẹ kí ọmọ Yorùbá kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ọ̀pá Gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó gùn tó 678 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ láti Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba ìhà Àgbádárìgì wọ inú òkun, ó sì lọ sí Benin, Togo àti Ghana. Bánkì Àgbáyé ṣe onídùúró fún iṣẹ́ náà ní 2004. Nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀pá náà yóò gbà kọjá, àwọn àwùjọ kan ní Ògùn àti Èkó rí i pé owó gbà-máà-bínú kéré, àlàyé tí wọ́n rí gbà kò sì tó nǹkan. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní Ìfẹ́sowápọ̀, wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀sùn sí Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Bánkì Àgbáyé ní Washington ní oṣù Kẹrin 2006. Ẹ̀rù ààbò wà lára ẹ̀sùn wọn pẹ̀lú, nítorí ọ̀pá àtijọ́ tó ń gbé gáàsì láti Escravos wá sí Èkó ni tuntun yìí ti ń mumi. Ìgbìmọ̀ náà wá wo ilẹ̀, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde ní 2008: wọ́n rí i pé Bánkì kò tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ nínú ìlànà ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ àti owó oúnjẹ àwọn tí wọ́n gba oko lọ́wọ́ wọn, àti pé ìsọfúnni tí àwọn ènìyàn náà rí gbà kò tó ohun tí wọ́n lè fi kópa bí ó ṣe yẹ.

Ohun méjì ni mo rí kọ́ nínú èyí. Àkọ́kọ́, àgbẹ̀ Yorùbá kì í ṣe òpè. Bí a bá fún un ní ẹnu ọ̀nà, yóò wọlé. Ìkejì ni ó ń bí mi nínú. Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n rí, Washington ni ó wà? Láti Ìtòkí sí Abẹ́òkúta kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ nínú mọ́tò. Ìjọba wa wà níbẹ̀, ó wà ní Èkó, ó wà ní Abuja.

Amẹ́ríkà náà kò mọ̀ ọ́n ṣe láti òwúrọ̀. Ní oṣù Kẹfà 1999, epo bẹntiróò tú láti inú ọ̀pá sínú odò kan ní ìlú Bellingham, ó gbiná, ó sì pa ọmọdékùnrin méjì àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Àwọn òbí àti ará ìlú náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù títí wọ́n fi ṣe òfin tuntun ní 2002. Ní 2010, ọ̀pá gáàsì bẹ́ ní San Bruno ní California, ènìyàn mẹ́jọ kú, àwọn oníwàádìí sì rí i pé ìwé ilé-iṣẹ́ náà ń pe ọ̀pá tí wọ́n jó pọ̀ ní ọ̀pá tí kò ní ojú ìsopọ̀. Ìwé ìwádìí náà wà níta. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìlànà wọn ni gbólóhùn kan péré tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní ìlanilọ́yẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ọ̀pá gbọ́dọ̀ máa ṣe fún ará ìlú gbọ́dọ̀ jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè mìíràn tí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, bí wọ́n bá pọ̀ ní agbègbè náà. Ìdí nìyí tí àwọn ará Texas tó ń sọ èdè Sípéènì fi ń rí ìwé ìkìlọ̀ gbà ní èdè wọn. Ní ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè abínibí ọ̀pọ̀ ènìyàn, òfin rántí àwọn tí kò gbọ́ ọ. Ní ilẹ̀ tiwa tí ó ti jẹ́ èdè ìwé, kò sí ẹni tó rántí.

Àtakò tí mo máa ń gbọ́ ni pé bí a bá fi ibi tí ọ̀pá gbà han ará ìlú, a ti fi han olè. N kò gba èyí gbọ́. Olè tó lu ọ̀pá ní òru, tó so ẹnu páìpù tirẹ̀ mọ́ ọn, tó sì gbé ọkọ̀ ońtáńkà wá síbẹ̀, ṣé òun ni yóò máa dúró de àwòrán lára ògiri? Àwọn tí kò mọ̀ ni onílé, olùkọ́, awakọ̀ katakata àti ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga. Ní Amẹ́ríkà tí mo sọ yìí, wọ́n ní àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi han gbogbo ènìyàn ibi tí ọ̀pá gbà ní agbègbè wọn, wọ́n sì fi àwọn kúlẹ̀kúlẹ̀ tó lè wúlò fún ọ̀tá pamọ́.

Àtakò kejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó ti ń jáde: pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí. Òótọ́ ni pé bí a bá jókòó láti túmọ̀ ìwé ẹnjinníà ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, a ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kò ní gbọ́ bí kò ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi náà wà lára àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, mo sì mọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń dùn mọ́ni títí a ó fi gbàgbé ẹni tí a ń ṣe é fún. Ìkìlọ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹ wo èyí:

"Ọ̀pá epo gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yìí kọjá, ẹ̀rọ ló sì ń fi agbára ti epo inú rẹ̀. Ẹ má gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má kọ́lé sí i. Ẹ má gbé ọkọ̀ tó kó ẹrù wúwo gbà á. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn epo, bí ilẹ̀ bá ń hó tàbí tó ń súfèé, bí ewéko bá ṣàdédé kú lójú kan, ẹ kúrò níbẹ̀. Gáàsì inú ọ̀pá ńlá lè má ní òórùn rárá, nítorí náà ẹ má dúró de òórùn. Ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má tan ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, ẹ má bu epo náà. Ẹ má sá lọ sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lọ. Ìgbà tí ẹ bá ti jìnnà ni kí ẹ tó fi fóònù pe 112."

Ọ̀rọ̀ wo ló ṣòro nínú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ àyálò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà níbẹ̀, gáàsì, ẹ̀rọ fóònù àti ọ̀kadà, ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun yóò sọ pé ìlú wa kì í ṣe ìlú epo. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pá ìjọba tó ń ti Atlas Cove ní Èkó lọ sí Mosimi nítòsí Ṣàgámù, tó ti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin, kì í ṣe ohun tí a ń sọ lójoojúmọ́ níhìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí epo kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á dé Ìlọrin bí wọ́n ṣe pète. Ọkọ̀ ońtáńkà ni ó ń gbé e, wọ́n sì ń gba ojú títì Òṣogbo sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá níwájú ilé wa. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé ọdún mẹ́wàá gáàsì ni a wà yìí láti 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti bá Shell Nigeria Gas ṣe àdéhùn láti gbé ọ̀pá gáàsì gba inú Ìbàdàn. Ohun tó dé Ìbàdàn kò jìnnà sí Òṣogbo. Mo fẹ́ kí gáàsì dé, kí àwọn ilé-iṣẹ́ wa lè ṣiṣẹ́. Mo sì fẹ́ kí ìlànà ìkéde ti wà nílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí n kò lè má mẹ́nu kàn. Ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré láàárín Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn. Gbogbo ayé gbọ́ nípa aáwọ̀ tó ṣẹlẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kéde kónílé-ó-gbélé ní 2025. Ẹ fojú inú wò ó bí wọ́n bá gbé ọ̀pá wá gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ta ni wọn yóò fún ní owó gbà-máà-bínú, orúkọ ìlú wo ni yóò wà lára òpó ìkìlọ̀, ọba wo ni yóò bu ọwọ́ lu ìwé? Bí wọ́n bá parí irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ọ́fíìsì ní Abuja, tí abúlé sì gbọ́ ọ nígbà tí katakata dé, wọ́n ti da epo sí iná kí epo tó wọ inú ọ̀pá rárá.

Nínú ìlú tí Rábíù Àyándòkun ti wá, tí àwọn ọmọ Àyàn ti mú kí dùndún sọ̀rọ̀ dé ilẹ̀ òyìnbó, kò yẹ kí ó ṣòro láti sọ ọ̀rọ̀ kan dé etí gbogbo ènìyàn. Akéde ṣì wà. Mọ́ṣáláṣí ní gbohùngbohùn, ṣọ́ọ̀ṣì ní àkókò ìkéde, rédíò OSBC ń sọ Yorùbá láti Òṣogbo. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè pàápàá, ní abala 97, gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin aṣòfin ní Òṣogbo, a kò tíì gbọ́ yín.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ NMDPRA kò pọ̀. Kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún ìlànà ààbò ọ̀pá wọn, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi sí tiwọn: pé gbogbo ìkéde, ìkìlọ̀ àti ìpàdé gbọ́dọ̀ jẹ́ ní èdè àwọn tí ọ̀pá gba ilẹ̀ wọn. Kí wọ́n máa ṣe ìpàdé náà nínú gbọ̀ngàn ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n gba àtakò ẹnu wọlé bí òfin 1956 ṣe sọ, kí ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sì kà á padà sétí ẹni tó sọ ọ́ kí onítọ̀hún tó tẹ̀ka sí i. Kí wọ́n lẹ àbọ̀ àyẹ̀wò ọ̀pá mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn náà lọ́dọọdún, kí ó máa sọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí ó ti jẹrà, àti ọjọ́ tí wọn yóò tún un ṣe. Àwa olùkọ́ èdè yóò bá wọn túmọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wa.